Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń mú tọkọtaya àti ọmọ wọn lọ wo omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta, níbi tí bọ́ọ̀sì ń rìn fún wákàtí kan kó tó débẹ̀ láti ìgboro, Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọmọdé ló fún un lórúkọ náà. Àtẹ̀gùn tó lọ sókè ibẹ̀ jẹ́ irínwó dín mẹ́rìnlá, kò sì sí ọmọ tó máa gùn ún dé àádọ́ta tí kò ní béèrè pé, "Bàbá, ó ku mélòó?" Bàbá mọ iye tó kù. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ iye eyín ẹnu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé ó ku ọ̀ọ́dúnrún lé ní díẹ̀, ilẹ̀ ni ọmọ yẹn máa jókòó sí, ìyá rẹ̀ á gbé e pọ̀n, bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá rẹ̀ pé ta ló ní kí wọ́n wá, inú gbogbo èèyàn á sì bàjẹ́. Nítorí náà, "Ó kù díẹ̀" ni Bàbá máa ń sọ. Ní àtẹ̀gùn kẹwàá, ó kù díẹ̀. Ní igba, ó kù díẹ̀. Irọ́ ni o, àmọ́ irọ́ tó ń gbé èèyàn dókè ni.

Kò sẹ́ni tó bi Bàbá pé ṣé kò rẹ òun náà. Ó rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé. Orúnkún òsì rẹ̀ máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí, ọ̀tún sì ti ń kọ́ orin náà lẹ́nu òsì. Tó bá délé, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń jókòó kó tó ráyè bọ́ bàtà. Ìyàwó rẹ̀ á gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ wá nínú abọ́, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì béèrè ohun kan náà tó ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́: "Ìgbà wo lẹ máa mú èmi náà lọ wò ó?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ó-Kù-Díẹ̀-Káàtó ló yẹ kí wọ́n máa pè yín," lobìnrin náà á wí, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn ní ọdún kejì. Ó ṣì dùn díẹ̀ ní ọdún kẹjọ. Ní ọdún mọ́kànlélógún, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, abọ́ omi nìkan ni wọ́n ń gbé síwá sẹ́yìn.

Kì í ṣe pé Bàbá burú. Nígbà tí ọmọ mẹ́ta wà nílé ìwé, ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tó fẹ́ tún gun òkè. Nígbà táwọn ọmọ tán nílé, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ mú ará ilé rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n gbàgbé òfin yẹn, orúnkún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ta iyán kì í fẹ́ jẹ iyán, òkè yẹn ti sú u. Ohun tó sú èèyàn, kì í mọ̀ pé ojú ẹlòmíràn ń wá a.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Yàrá méjì ni wọ́n ní, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé títí di ìrọ̀lẹ́. Òun náà ló dá ọgbọ́n fìlà. Ní ọdún tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìka ló fi ń ka àwọn ọmọ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, títí ìyá kan fi dìde lọ́jọ́ kan tó na ọwọ́ méjèèjì bo àwọn ọmọ rẹ̀ bí àgbébọ̀ adìyẹ. "Ẹ̀yin bàbá yìí, níbo lẹ ti gbọ́ ọ pé a ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?" Gbogbo bọ́ọ̀sì gbè é lẹ́yìn. Bàbá ò ka ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ kan sì ṣẹ́kù sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó di kí wọ́n yí pa dà ní ìdajì ọ̀nà. Nígbà tó rò ó fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ má ka ọmọ. Ẹ ka fìlà. Ta ló máa bínú pé ẹ ka fìlà?"

Ó rán ogójì fìlà, aláwọ̀ ọsàn, tó ń tàn kedere láàrin ewé. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì á gba ọ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, àgbà àti ọmọdé, á sì dá a pa dà nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Tí okùn wọn bá tú, obìnrin yìí ló ń tún wọn rán. Láti ìgbà náà, fìlà ni Bàbá ń kà, kò sì tún sọ ẹnì kankan nù. Tí fìlà bá ti pé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bọ́ọ̀sì á lọ. Ẹni tó rán ogójì náà kò dé ọ̀kan rí.

Ọ̀rọ̀ ojú ló wá yí nǹkan pa dà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ aládùúgbò pé kó wá bá òun fi okùn sójú abẹ́rẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí ni ojú rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ló rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ọrùn, oníbàárà gbé e wá, àwọn méjèèjì sì dúró tí wọ́n ń wo ẹ̀wù náà bí ẹni ń wo òkú. Dókítà ojú tan iná sí i lójú, ó tún un tàn, ó ní ọ̀tún ti lọ, òsì ń bá a bọ̀ lẹ́yìn. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá a dúró díẹ̀, kò lè dá a pa dà. Bóyá ìparí ọdún, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. "Màmá, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí," ló wí, "ẹ tètè wò ó."

Wọ́n bọ́ sí ìta. Wọ́n dúró sétí títì fún ọkọ̀. Nígbà tó yá lobìnrin náà ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí dókítà wí. Mi ò béèrè ohun púpọ̀ o."

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wo ìwé, ó fi báírò họ orí, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ìyàwó Bàbá má wọ inú ìwé àwọn tó sanwó, kó jókòó sórí àga kékeré tó wà lẹ́yìn awakọ̀. Ìwé náà ni wọ́n fi ń pín fìlà, ìyẹn ni pé kò ní fìlà. Bàbá dúpẹ́. Kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n ló wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, fìlà méjìlélọ́gbọ̀n. Ìyàwó Bàbá wọ bàtà tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i, ó wé ìborí dúdú, ó gbé abọ́ oúnjẹ onídérí kan àti ṣíbí méjì sínú báàgì Bàbá. Ó jókòó sórí àga kékeré náà, ó ń wo gbogbo ohun tó ń kọjá lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n fi ọjà hàn tí kò mọ èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ rà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ ti já Bàbá gbà. Ọmọ kan ń já ewé, òmíràn ń sunkún bàtà, bàbá kan tó ń ya fọ́tò ń fi ẹ̀yìn rìn. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi ẹsẹ̀ wá etí àtẹ̀gùn kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ké pè é láti ìsàlẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ó ku mélòó?"

"Ó kù díẹ̀," ni Bàbá dáhùn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ahọ́n rẹ̀ ló dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ́ ẹni tó béèrè.

Ní orí igba àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n gbé àga gígùn kan sí lábẹ́ igi, obìnrin náà jókòó. Èémí rẹ̀ ń já. Àwọn ọmọ ti ń fò lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dé bèbè omi kó tó dé ibẹ̀. Ó dúró, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ máa lọ," lobìnrin náà wí. "Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ kẹ́ ẹ wá mú mi. Mi ò kánjú."

"Ìsinsìnyí ni mò ń bọ̀."

Kò bọ̀. Lókè, ọmọ kan bì sára ẹ̀wù ìyá rẹ̀. Wọ́n wá omi, wọ́n wá aṣọ, ìkùukùu ṣú lápá ìlà oòrùn, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé káwọn máa lọ kí òjò tó dé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ti àtẹ̀gùn. Ọ̀nà gbọọrọ kan wà lápá kejì òkè, tí kò ga, tó ń já síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Bàbá ti mọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún, ẹsẹ̀ náà sì gbé e lọ. Lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó ka fìlà. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ó tún un kà. Ó pé.

"Bàbá, ṣó ti pé?" ni awakọ̀ béèrè.

"Ó pé. Máa lọ."

Wọ́n ti rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọmọ ti ń sùn lórí ara wọn. Ebi wá ń pa Bàbá, ó na ọwọ́ sínú báàgì, ọwọ́ rẹ̀ ba ṣíbí kan. Ó tún ba ìkejì.

Ó mú ṣíbí méjèèjì jáde, ó ń wò wọ́n. Ó wo àga kékeré tó wà lẹ́yìn awakọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè pariwo. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká. "Yí pa dà," ló wí. "Jọ̀ọ́. Mo fi ìyá àwọn ọmọ mi sílẹ̀ sórí òkè."

Awakọ̀ wò ó nínú dígí. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó pé, Bàbá. Èmi rò pé wọ́n wà lẹ́yìn."

"Fìlà ni mo kà," ni Bàbá wí.

Àwọn èrò ò dákẹ́. Ẹnì kan ní òun ní ibi tóun ń lọ ní aago márùn-ún. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí wọ́n máa mú màmá bọ̀. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́: "Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ńkọ́?" Wọ́n yí bọ́ọ̀sì pa dà. Fóònù Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò, ọ̀gá ni, ẹni tó kọ́kọ́ bínú ti pè é. Bàbá ò gbé e. Ó sọ fún awakọ̀ pé kó mú àwọn èrò lọ sílé tí àsìkò bá pẹ́, pé òun máa wá ọkọ̀. Bí bọ́ọ̀sì ṣe dé ìdí òkè ló bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àgbà kì í sáré lásán, wọ́n ní bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ọdún mọ́kànlélógún ló ń lé ti Bàbá.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ti ń gbé ṣéènì. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ̀nà òkè. "Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀, ẹ ti pẹ́ jù, ọ̀la lẹ máa wá."

"Ìyàwó mi ló wà lókè."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ṣéènì sílẹ̀. "Mo fún yín títí màá fi fọn fèrè."

Igba àtẹ̀gùn. Bàbá ò mọ bó ṣe gùn ún. Orúnkún òsì ń ké, ọ̀tún ń gbè é. Ó dé ibi àga gígùn, obìnrin náà sì wà níbẹ̀, ó jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lé ara wọn lórí itan. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó sì yí ojú síbi tí ìró náà ti wá, díẹ̀ ló fi ṣì í.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni." Bàbá ò lè jókòó, kò lè dúró. "Mo ti wọ bọ́ọ̀sì. A ti lọ. Mo gbàgbé rẹ."

"Mo gbọ́ táwọn èèyàn dákẹ́ lókè," lobìnrin náà wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ti lọ. Mo ní bóyá ẹ máa rántí. Lẹ́yìn náà mo ní, ta ló máa rán yín létí? Mi ò ní fìlà." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ìyẹn sì dun Bàbá ju èébú lọ. Ó fi ọwọ́ bojú. Ó bú sẹ́kún lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń pa irọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí.

"Ó ti tó," lobìnrin náà wí. Ó na ọwọ́, ó wá apá rẹ̀ títí ó fi rí i dì mú. "Ẹ sọ fún mi. Ó ku mélòó?"

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó ku igba dín mẹ́rìnlá."

"Igba dín mẹ́rìnlá," lobìnrin náà tún un wí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọ̀pá aṣọ fún, tó ń wò ó bóyá á tó rán. "Ó pọ̀ o."

"Ó pọ̀. Ó sì ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa gùn ún nígbà náà. Ẹ máa kà á sókè."

Wọ́n kà á. Wọ́n ń sinmi ní ogún-ogún. Kò sẹ́ni tó sọ ohun mìíràn ju iye lọ, nítorí èémí ò tó fún ọ̀rọ̀ méjì. Ní àádọ́jọ, obìnrin náà ní òun ń gbọ́ ariwo òjò, Bàbá ní kì í ṣe òjò. Nígbà tí wọ́n dé òkè, àga òkúta kan wà lẹ́bàá bèbè, obìnrin náà sì jókòó. Ìkùukùu ti lọ. Omi ń dà wálẹ̀ níwájú wọn, ìrì rẹ̀ ń ta sí wọn lójú. Bàbá fi ẹ̀yìn ti irin bèbè, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń kọjú sí èrò.

Obìnrin náà tẹ orí sápá ọ̀tún kí ojú òsì lè rí i. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ó funfun," ló wí. "Mo rí i, ó funfun bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ìdì rẹ̀." Lẹ́yìn náà: "Kí ni dúdú tó wà lápá òsì yẹn, tó la omi sí méjì?"

Bàbá la ẹnu láti dáhùn. Ó ronú, ó wá inú ọdún mọ́kànlélógún, fìlà ló rí, fìlà aláwọ̀ ọsàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí omi, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"N ò mọ̀," ló wí. "N ò wò ó rí."

Obìnrin náà kọjú sí i. Ó sún díẹ̀ lórí òkúta náà, ó sì fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo. "Ẹ yí pa dà. Ẹ wá jókòó síbí. Ẹ wò ó, kẹ́ ẹ máa sọ fún mi."

Bàbá yí pa dà, ó jókòó tì í. Ó wo òkè níbi tí omi ti ń yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó ní igi ni dúdú yẹn, igi kan tó hù láàrin òkúta, ewé rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. Ó ní ẹyẹ kan wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní kí ẹyẹ ń ṣe, ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró ni. Fóònù tún dún lápò, ó tún dákẹ́.

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ géètì fọn fèrè.

"Ṣé ká máa lọ?" lobìnrin náà béèrè.

"Ó kù díẹ̀," ni Bàbá wí, wọn ò sì dìde.